Ojú Ló Ń Ṣáájú Abẹ

Ọ̀pá irin kan ni. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, bí ìka méjì tí a so pọ̀. Èyí tó kúrú nínú irú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12, èyí tó gùn sì jẹ́ 20. Ó ṣófo nínú bí ọparun, wọ́n sì dán an títí ó fi ń kọ mànà. Wọ́n gé ẹnu rẹ̀ kan ní ìdagun. Wọ́n fi ìdérí oníhò mẹ́rin dé ẹnu kejì, wọ́n sì fi rọ́bà dí etí ihò kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ má bàa jò. Bí ẹnì kan bá gbé e lé tábìlì láìsọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, ènìyàn lè rò pé ara ẹ̀rọ ọkọ̀ ni. Iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún ni kí ó gba ojú ìdí wọlé, kí dókítà lè tinú rẹ̀ gé kókó kúrò lára ìfun, láìfi abẹ kan ikùn aláìsàn rárá.

Ọ̀pá yìí ni mo fẹ́ yìn, òun àti àwọn iṣẹ́ abẹ mìíràn tó ń gba ọ̀nà tóóró dé ibi kókó inú ìfun ìdí. Ọ̀rọ̀ ìdí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtìjú láàárín wa. Àdàpè la fi ń bò ó. Ṣùgbọ́n ibi tí ìtìjú bá ti pọ̀ ni àìsàn ti ń ráyè gbilẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni mo ti rí ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ tó wú mi lórí jù lọ nínú ìṣègùn ayé òde òní. Ìyìn tí mo fẹ́ ṣe yóò níwọ̀n, nítorí ìwọ̀n gan-an ni ẹwà iṣẹ́ náà.

Kí a tó mọ iyì ọ̀pá, ẹ jẹ́ ká mọ ilé tó ń wọ̀. Ìfun ìdí ni òpin ìfun ńlá. Ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, ó sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí egungun ìbàdí ti yí i ká bí inú odó. Iwájú rẹ̀ ni àpò ìtọ̀ wà. Lára ọkùnrin, próstéètì fara tì í. Lára obìnrin, ojú ara àti ilé ọmọ ni aládùúgbò rẹ̀. Egungun ìdí ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni àwọn iṣan tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn gbà kọjá, àwọn tó ń jẹ́ kí ènìyàn lè tọ̀ nígbà tó bá fẹ́, tó sì ń jẹ́ kí ọkọ lè súnmọ́ aya. Nísàlẹ̀, iṣan mìíràn yí ẹnu rẹ̀ ká bí okùn ẹnu àpò. Òun ló ń jẹ́ kí ènìyàn lè di ara mú títí yóò fi dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tí ara bá le, kò sẹ́ni tó ń ronú kan okùn yìí. Ọjọ́ tó bá já ni ènìyàn ń mọ̀ pé okùn náà ni iyì òun so mọ́.

Inú ibi tó há báyìí ni kókó máa ń hù sí. Òmíràn a yọ orí bí olú, a ní ọrùn. Òmíràn a tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewédò lára ògiri kànga. Wọn kì í sábà dunni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kókó tó ń bọ̀ wá di jẹjẹrẹ fi ń jókòó jẹ́ẹ́ kí ó tó yí padà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ewu rẹ̀. Òun náà sì ni oore tó ń ṣe ẹni tó bá tètè rí i.

Láyé àtijọ́, àtidé ibẹ̀ ni iṣẹ́. Ní 1885, Paul Kraske ní ìlú Freiburg, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ṣàlàyé bí òun ṣe ń gba ẹ̀yìn wọlé: yóò yọ egungun ìrù, yóò gé díẹ̀ lára egungun ìdí, kí ojú rẹ̀ tó kan ìfun. Ní London, William Ernest Miles ń gba ìsàlẹ̀ gé tirẹ̀. Miles ṣe ohun tó gba ìgboyà: ó ń tọpa àwọn tó ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, ó ń ka iye ẹni tí àìsàn náà tún padà wá bá. Nínú ènìyàn 57, ó padà sára 54. Ó yẹ òkú àwọn tó kú wò, ó sì rí i pé inú ọ̀rá òkè ìfun ni jẹjẹrẹ ti gbà sá lọ, níbi tí abẹ òun kò dé. Ní 1908 ó kọ iṣẹ́ abẹ tuntun sínú ìwé ìròyìn The Lancet: kí a la ikùn, kí a la ìdí, kí a kó ìfun ìdí kúrò pátá pẹ̀lú ohun tó yí i ká, kí a sì fa ẹnu ìfun tó kù yọ síta ikùn. Láti ọjọ́ náà títí dọjọ́ ikú, inú àpò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ikùn ni aláìsàn yóò máa yàgbẹ́ sí.

Kò yẹ kí a bú àwọn ará àtijọ́ yìí. Ẹ̀mí ni wọ́n ń dù, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rí ẹ̀mí gbà lọ́wọ́ wọn. Abẹ wọn tóbi nítorí pé ọwọ́ wọn ń dé ibi tí ojú wọn kò dé. Ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, tí kò ní àtùpà, àfi kó ṣí òrùlé. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: bí ojú ti ń gbòòrò ni abẹ ń kéré. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ni oníṣẹ́ abẹ fi ń dá ara ẹlòmíràn sí.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ojú yìí. Ní 1806, dókítà kan ní Frankfurt, Philipp Bozzini, ṣe fìtílà kan tí àbẹ́là ń jó nínú rẹ̀, tí dígí sì ń ta ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là náà gba inú ọ̀pá lọ sínú ihò ara. Ní 1910, Hans Christian Jacobaeus ní Stockholm gbé ìròyìn jáde pé òun ti fi ọ̀pá olójú wo inú ikùn àti inú àyà ènìyàn alààyè. Harold Hopkins, onímọ̀ ìmọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, to ọ̀pá gíláàsì sínú ọ̀pá irin kí àwòrán lè dé ojú láìṣú. Ní 1980, Kurt Semm ní ìlú Kiel gba ihò kékeré yọ apẹ́ńdíìsì. Lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ojú oníṣẹ́ abẹ ń súnmọ́ ibi iṣẹ́ ju ti àná lọ.

Ibẹ̀ ni oníṣẹ́ abẹ kan, Gerhard Buess, ti gbà á. Ìlú Cologne ló wà nígbà náà, kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Tübingen. Kókó tó bá wà nítòsí ẹnu ìdí, ọwọ́ dókítà tó o. Èyí tó bá ní ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n lè fi wáyà oníná so ó lọ́rùn kí wọ́n sì gé e. Èyí tó gbòòrò tí kò lọ́rùn, tó tún wà lókè ńkọ́? Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń la ikùn, bẹ́ẹ̀ kókó ọ̀hún lè má tíì di jẹjẹrẹ rárá. Ó dà bí ẹni tó wó ògiri ilé nítorí ejò tó wà nínú yàrá, tí ilẹ̀kùn yàrá náà sì wà níbẹ̀ gbayawu. Buess àti àwọn oníṣẹ́ irin ilé iṣẹ́ Richard Wolf jọ ṣe ọ̀pá tí mo júwe lókè. Ní 1983 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún aláìsàn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Erich Mühe tó gba ihò kékeré yọ àpò òróòro ní Böblingen, iṣẹ́ tí gbogbo ayé wá gbọ́ òkìkí irú rẹ̀. Iṣẹ́ ìdí ti ṣáájú, ariwo rẹ̀ ni kò pọ̀.

Ìṣòro mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ yanjú. Èkíní, ìfun kì í la ara rẹ̀ sílẹ̀. Ògiri rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ra bí àpò òfìfo. Wọ́n bá ń fẹ́ gáàsì kábọ́nì-dáyọ́ksáìdì gba inú ọ̀pá wọlé títí ìfun yóò fi là bíi yàrá. Èkejì, ojú. Kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ di ojú kan, kó wá gbìyànjú láti ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́: òwú á gba iwájú kọjá, á gba ẹ̀yìn kọjá. Ojú méjì ló ń mọ bí nǹkan ti jìn sí. Nítorí náà, awò olójú méjì ni wọ́n fi sínú ọ̀pá, ó sì ń sọ ohun tí a ń wò di ńlá tó ìlọ́po mẹ́fà. Ẹ̀kẹta, ọwọ́. Nínú ọ̀pá tóóró, irin méjì kò lè ti ọ̀tún àti òsì wá pàdé bí ọwọ́ méjì lórí àwo ọbẹ̀; ńṣe ni wọ́n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n wá tẹ ẹnu àwọn irin náà kọ́rọ́ díẹ̀, kí wọ́n lè pàdé níwájú.

Ẹ jẹ́ ká wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ti fọ inú ìfun mọ́, dókítà akunilóorun sì ti ṣe tirẹ̀. Kí wọ́n tó tẹ́ aláìsàn, wọ́n ti mọ apá ibi tí kókó wà lára ìfun. Bó bá wà lẹ́yìn, wọ́n á dá aláìsàn dùbúlẹ̀ gbalaja, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè. Bó bá wà níwájú, wọ́n á dojú rẹ̀ bolẹ̀. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n á fi í lélẹ̀. Ìdí ni pé ìsàlẹ̀ ni irin inú ọ̀pá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kókó sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ náà. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀. Odindi ènìyàn, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ni wọ́n yí síbí yí sọ́hùn-ún nítorí ohun tó lè má tó awẹ́ obì kan.

Ọ̀pá wọlé díẹ̀díẹ̀. Apá irin olóríkèé so ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì kó má bàa mì. Dókítà jókòó sórí àga, ó gbé ojú lé awò. Gáàsì wọlé, ìfun là. Ara rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tò lórí rẹ̀ bí ẹ̀ka igi. Láàárín ni kókó jókòó sí, ara rẹ̀ rí bíi ṣàkì ẹran.

Dókítà kò tíì gé nǹkan kan. Irin oníná ló kọ́kọ́ mú, ó fi ń to àmì kéékèèké yí kókó ká, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí akọ́lé tí í kan èèkàn mọ́lẹ̀ kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Àmì náà fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan jìnnà sí etí kókó. Bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bá ti yọ, ojú lè ṣi ààlà mọ̀. Ààlà tí a ti pa nígbà tí ojú ṣì mọ́ ni a óò dì mú.

Lẹ́yìn náà ni ó ń gé láti àmì dé àmì. Awọ inú là, ohun funfun abẹ́ rẹ̀ yọ. Iṣan tẹ̀lé e, ó tò ní ìlà-ìlà bí fọ́nrán òwú. Lẹ́yìn iṣan ni ọ̀rá, ó pọ́n bíi pupa ẹyin. Ọ̀rá yẹn ni àmì pé ó ti la ògiri já, ibẹ̀ ló sì ti ń dúró. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó bá pàdé lọ́nà, iná á ti dí i kí ó tó tú. Kò sí ariwo ju ti ẹ̀rọ àti ti nọ́ọ̀sì tó ń na irin sí i. Àwọn baba wa ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù tó bà lé ẹpọ̀n. Bí mo bá ń ronú nípa ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pá yìí, ó ń ṣe mí bíi pé iṣẹ́ yìí ni wọ́n pa òwe náà sílẹ̀ dè.

Nígbà tí kókó bá ti kúrò, ojú egbò yóò kù tó yẹ kí wọ́n rán. Dídi kókó okùn nínú ọ̀pá tóóró nira. Wọ́n bá lo ọgbọ́n mìíràn: wọ́n á fi ẹ̀rún fàdákà kékeré kan sí ìdí òwú, wọ́n á fi irin fún un pọ̀ kó di òwú mú, wọ́n á rán an dópin, wọ́n á sì tún fi fàdákà mìíràn dè é, bí ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ìfun padà di odindi. Ọ̀pá jáde.

Iṣẹ́ ojú kò tíì tán. Dókítà gbé ẹran tó gé, ó tẹ́ ẹ sórí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi pínnì kan etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká bí ẹni sá awọ ìlù, kó má bàa ká jọ. Báyìí ni ó ṣe ń lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń fi awò ńlá yẹ ẹran ara wò. Ìbéèrè méjì pàtàkì ni ẹni yẹn yóò dáhùn: ṣé etí tí abẹ gbà mọ́ yíká? Ṣé jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀, báwo ló sì ṣe wọlẹ̀ tó? Bí wọ́n bá já ẹran náà wélewèle, kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Nítorí náà, yíyọ kókó ní odindi, kí etí rẹ̀ pé, jẹ́ ọ̀wọ̀ fún ẹni tí yóò wò ó lẹ́yìn. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, pákó àti pínnì yẹn ló máa ń kàn mí lọ́kàn jù.

Aláìsàn jí. Kò sí ojú abẹ níta ara rẹ̀. Kò sí àpò lára ikùn rẹ̀. Láìpẹ́, á dìde, á rìn, á jẹun. Iṣan ẹnu ìdí tí ọ̀pá nà lè rọ̀ fúngbà díẹ̀, kó sì tún padà bọ̀ sípò. Ó lè ṣẹ̀jẹ̀, ojú rírán lè tú. Iṣẹ́ abẹ kò sí tí kò léwu. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ohun tí wọ́n dá sí wé ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ọpẹ́ ló yẹ.

Èyí kò wà fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀pá náà ń yọ ohun tó wà lára ògiri ìfun. Kò lè kó ọ̀rá tó wà lẹ́yìn ògiri, bẹ́ẹ̀ inú ọ̀rá yẹn ni àwọn kókó omi ara (lymph nodes) wà, níbi tí jẹjẹrẹ ti máa ń kọ́kọ́ fara pamọ́ sí. Kókó tí kò tíì di jẹjẹrẹ ni ó wà fún, àti jẹjẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí kò tíì kan iṣan ìfun, tí àwòrán MRI tàbí ẹ̀rọ tó ń fi ohùn yàwòrán kò sì rí ewu mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, tí a wá torí pé ọ̀nà ìdí rọrùn gba ibẹ̀, ẹ̀tàn ni.

Fún èyí tó ti wọlẹ̀, ojú mìíràn ló ṣe é lóore. Ní 1982, Bill Heald ní Basingstoke, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọ́ka sí ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́ gbogbo oníṣẹ́ abẹ, tí ọ̀pọ̀ kò kà sí. Ó ní ìfun ìdí àti ọ̀rá tó yí i ká jẹ́ ẹrù kan ṣoṣo, awọ fẹ́lẹ́ sì dì í bí ewé ti ń di ẹ̀kọ. Bí abẹ bá ń tẹ̀ lé ẹ̀yìn ewé láìya á, ẹ̀kọ á jáde ní odindi, jẹjẹrẹ kò ní já sílẹ̀, àwọn iṣan tín-ín-rín ẹ̀yìn ewé kò sì ní gé. Bí ọwọ́ bá fi agbára fà á bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ewé á ya, ohun tó kù sẹ́yìn á sì tún hù. Heald kò mú ẹ̀rọ tuntun kankan wá. Ó kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọn yóò wò.

Nígbà tí kámẹ́rà àti tẹlifíṣọ̀n wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n mú ẹ̀kọ́ Heald yìí gba inú ihò kékeré mélòó kan lára ikùn. Kámẹ́rà a máa wọ inú odó egungun ìbàdí, níbi tí orí dókítà kò lè wọ̀, a sì máa fi ojú ààlà hàn. Ìwádìí kan tí wọ́n pè ní COLOR II kó aláìsàn 1044 jọ ní ilé ìwòsàn 30, lórílẹ̀-èdè 8. Èsì rẹ̀ jáde ní 2015: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdá 5 nínú 100 ni jẹjẹrẹ padà sí ojú ibi tí wọ́n ti yọ ọ́, ìbáà jẹ́ ihò kékeré ni wọ́n gbà, ìbáà jẹ́ ikùn ni wọ́n là. Lọ́dún kan náà, ìwádìí méjì mìíràn, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọ̀kan láti Australia àti New Zealand, kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ẹrù tí wọ́n gba ihò yọ pé tó èyí tí wọ́n la ikùn yọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà kò fi èyí pamọ́.

Ní Norway, nígbà tí ọ̀nà kan tó ń gba ìdí àti ikùn lẹ́ẹ̀kan náà ń gbayì káàkiri ayé, wọ́n wo èsì ara wọn, wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ ń tètè padà, wọ́n sì dá a dúró ní gbogbo orílẹ̀-èdè wọn. Bí Miles ti ka 54 nínú 57 sí ara rẹ̀ lọ́rùn ni àwọn náà ṣe ka tiwọn. Ojú tó ń wo ẹ̀yìn wò kò kéré sí èyí tó ń wo inú awò.

Ìgbà kan wà tó dà bíi pé ọ̀pá Buess yóò jẹ́ ohun ìní ilé ìwòsàn olówó nìkan, nítorí ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n, kíkọ́ rẹ̀ sì gba ọ̀pọ̀ àkókò. Ní 2010, Sam Atallah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Orlando, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn ti mú ẹnu ọ̀nà rírọ̀ kan tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ikùn, àwọn fi sí ẹnu ìdí, àwọn sì fi kámẹ́rà àti irin tó wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ ikùn ṣiṣẹ́ náà. Ilé ìwòsàn tó bá ti ní irin iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré kò tún ní láti ra gbogbo ẹrù mìíràn. Báyìí ni nǹkan iyebíye ṣe ń súnmọ́ tálákà.

Ṣé ó ti súnmọ́ wa? Ẹ dúró létí garáàjì nílẹ̀ Yorùbá ní òwúrọ̀. Ìyá alágbo ti gbé báàsìnì kalẹ̀, ìgò tò nínú rẹ̀, ife kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ìyá, ẹ bu jẹ̀díjẹ̀dí fún mi.”

“Ọkọ mi, ṣé ó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni?”

“Díẹ̀díẹ̀ ni, mà.”

“Á lọ. Dín nǹkan dídùn kù.”

Ọkùnrin náà gbé ife mì, ó nu ẹnu, ó wọkọ̀. Ìyá kò purọ́: jẹ̀díjẹ̀dí wà, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ pupa kan náà ni jẹ̀díjẹ̀dí àti jẹjẹrẹ ìdí máa ń wọ̀ jáde. Ẹnu kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Dókítà pàápàá kò lè tẹnu sọ. Àfi kí ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ ibẹ̀ wò, kí ojú kámẹ́rà sì wọlé. Bí ife agbo bá gba oṣù mẹ́fà, tó tún gba ọdún kan, kókó tí ọ̀pá lè yọ láìlani níkùn lè ti wọ ọ̀rá lọ. Nígbà náà ni aláìsàn á wá gbọ́ nípa àpò ara ikùn, ẹ̀rù á bà á, òmíràn á sì sá kúrò ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀rù àpò yẹn ló ń lé ọ̀pọ̀ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ pípẹ́ gan-an ló ń sọ àpò náà di dandan.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn dókítà ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré. Lábẹ́ ẹgbẹ́ oníwàádìí jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní ARGO, àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní Memorial Sloan Kettering ní New York ti jọ ń ṣèwádìí. Ọ̀kan nínú ọgbọ́n wọn ni kí wọ́n ké sí àwọn tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ wá, kí wọ́n fi rọ́bà olójú kámẹ́rà wo inú ìfun wọn. Mo gbóríyìn fún èyí, nítorí pé ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. A lè ra ọ̀pá, a lè ra awò, a lè rán ọmọ wa lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fàdákà de òwú. Gbogbo rẹ̀ á jókòó lásán bí kókó bá ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ojú ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìyìn yìí: ojú àbẹ́là Bozzini, ojú méjì inú ọ̀pá Buess, ojú Heald tó rí ewé lára ẹ̀kọ, ojú dókítà tó ń wo ẹran lórí pákó. Ọ̀kan wà tó ṣáájú gbogbo wọn, kò sì gba ilé ẹ̀kọ́ kankan. Ní ìdájí, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹnì kan á dìde, á bojú wẹ̀yìn kó tó da omi sí i. Bó bá rí pupa níbẹ̀, tí kò fi ìtìjú bò ó, tó sọ fún aya tàbí ọkọ, tó sì sọ fún dókítà, iṣẹ́ abẹ ti bẹ̀rẹ̀, abẹ náà sì lè kéré.